Ẹ̀rọ CPAP, ike eyín, àbí kí a máa fẹ̀gbẹ́ sùn? Ìfiwéra fún ẹni tó ní stẹ́ǹtì lọ́kàn tó sì ń hanrun

Ẹni tí wọ́n bá fi stẹ́ǹtì, páìpù tíńtín tí kì í jẹ́ kí iṣan pa dé, sí iṣan ọkàn rẹ̀, yálà Èkó ni wọ́n ti ṣe é tàbí Íńdíà, ìkìlọ̀ ló máa ń gbé wọ Ìbàdàn ju ẹrù lọ. Kó dín iyọ̀ kù. Kó jìnnà sí sìgá. Kó máa rìn láàárọ̀. Kó má fi oògùn ṣeré. Ohun tí wọn kì í sábà bi í ni bó ṣe ń sùn. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́: ìhanrun tó ń mi ilẹ̀kùn yóò dédé dákẹ́, àyà ń lọ sókè sódò ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ò wọlé, ó di kí ọkùnrin náà ta gìrì, kó fa èémí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lódò, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí hanrun. "Dádì, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ padà o." Wọn yóò yí i padà, wọn ò sì ní rántí láàárọ̀ pé ẹnikẹ́ni bá wọn sọ̀rọ̀.

Sleep apnea ni àwọn dókítà ń pè é, èémí tó ń dá lójú oorun. Ohun tí a lè ṣe sí i kò mọ ní ẹyọ kan: ẹ̀rọ CPAP tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà ọ̀fun wà, ike tí a ń fi sí eyín wà, fífẹ̀gbẹ́ sùn náà wà. Owó wọn ò dọ́gba, wàhálà wọn náà ò sì dọ́gba. Mo fẹ́ kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ẹni tó fẹ́ yàn lè rí ojú wọn. Ibi tí mo dúró sí rèé, kí a tó lọ jìnnà: èyí tí ẹ bá lè lò fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, lálaalẹ́, lórí bẹ́ẹ̀dì yín, pẹ̀lú irú iná tí wọ́n ń mú wá ní àdúgbò yín, òun ló dára jù. Kì í ṣe èyí tó wọ́n jù. Mi ò sì ya wákàtí mẹ́rin yẹn sọ lásán. A máa débẹ̀.

Kí ló kan ọkàn nínú ọ̀rọ̀ ìhanrun?

Bí a bá sùn, ẹran ọ̀nà ọ̀fun a máa dẹ̀. Lára ẹlòmíì, ó ń dẹ̀ débi pé ọ̀nà afẹ́fẹ́ á pa dé. Bí èémí bá dá fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó ń ṣẹlẹ̀ sí ní ìgbà 5 sí 14 láàárín wákàtí kan, tirẹ̀ ṣì fúyẹ́. 15 sí 29 ti ń wọni lára. 30 sókè, ó ti le, nítorí ìyẹn ni pé ní ìṣẹ́jú méjì-méjì ni ọ̀nà ọ̀fun ń dí títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Nígbàkígbà tó bá dí, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á ta ara jí pẹ̀lú ìpayà, ẹ̀jẹ̀ á ru lójijì, ọkàn á sì máa sáré ní àsìkò tó yẹ kó sinmi. Ẹ̀jẹ̀ náà á tún máa fẹ́ dì ju bó ti yẹ lọ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló yẹ kó ká ẹni tó ní stẹ́ǹtì lára jù. Páìpù tíńtín tí wọ́n fi wáyà hun ni stẹ́ǹtì. Ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí iṣan ọkàn èèyàn, ní ìlú Toulouse nílẹ̀ Faransé. Ó ń di iṣan mú kó má pa dé, ṣùgbọ́n irin àjèjì ni lójú ẹ̀jẹ̀, pàápàá láwọn oṣù àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fúnni ní aspirin àti clopidogrel pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lára.

Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Sleep and Stent Study jáde ní 2016. Wọ́n yẹ oorun èèyàn 1,311 wò láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n fi stẹ́ǹtì sí wọn lára. Nǹkan bíi 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni èémí wọn ń dá ní ìgbà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n ṣírò ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, bóyá ikú àìsàn ọkàn ni o, ìkọlù ọkàn ni o, rọpárọsẹ̀ ni o, tàbí kí wọ́n tún ní láti padà lọ ṣí iṣan ọkàn, ó tó nǹkan bí 19 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn wọ̀nyí, 14 fún àwọn tó kù. Àlàfo yẹn kò ga tó òkè, ṣùgbọ́n ẹni tó ti náwó gọbọi lórí stẹ́ǹtì kò yẹ kó fojú di í.

Ta ló yẹ kó lọ ṣe àyẹ̀wò?

Àwọn dókítà ní Toronto, nílẹ̀ Kánádà, ṣe ìbéèrè mẹ́jọ kan jáde ní 2008, wọ́n pè é ní STOP-Bang. Ṣé ẹ ń hanrun débi pé wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ṣé ó ń rẹ̀ yín lọ́sàn-án? Ṣé ẹnìkan ti rí i kí èémí yín dá? Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé ẹ sanra gan-an? Ṣé ẹ ti lé ní ẹni 50 ọdún? Ṣé ọrùn yín ki? Ṣé ọkùnrin ni yín? "Bẹ́ẹ̀ ni" mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ewu wà. Márùn-ún sókè, ewu pọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Bàbá ẹni 58 ọdún tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó sì ní stẹ́ǹtì ti gba mẹ́ta kó tó la ẹnu rárá. Nítorí náà, lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ọkàn, àwọn ìbéèrè tó ń ya ọkà kúrò lára ìyàngbò ni ti èémí tí ẹlòmíì rí pé ó dá, àti ti ọrùn. Ti ọrùn kò gba ilé ìwòsàn. Ẹ mú tépù télọ̀, ẹ fi yí ọrùn ká níbi gògóńgò, kó má fún, kó má dẹ̀. 17 ínǹṣì sókè fún ọkùnrin, 16 sókè fún obìnrin, ọrùn ki nìyẹn. Ti èémí, fóònù ni: kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ká fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín òru, kí iná yàrá wà ní títàn, kí àyà àti ẹnu hàn. Dókítà tó bá rí fídíò yẹn kò ní bi yín léèrè púpọ̀ mọ́. Ẹni tó ń dá sùn, bí àwọn ìyá wa tó jẹ́ opó, lè gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí kó ká ohùn lásán.

Ìbéèrè tó máa ń tan àwọn aláìsàn ọkàn jẹ ni ti àárẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni èémí wọn ń dá lóru tí oorun kì í sì í kùn wọ́n lọ́sàn-án. "Kò rẹ̀ mí" kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí oorun bá ń gbé lọ nídìí ọkọ̀ ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, kó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíì títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Ìyẹn kò gba àríyànjiyàn.

Àyẹ̀wò: nínú ilé tàbí nílé ìwòsàn?

Àyẹ̀wò ilé ni kí wọ́n fún yín ní ẹ̀rọ kékeré kan gbé lọ sílé: bẹ́líìtì kan lórí àyà, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan níhò imú, ohun tó ń ka ọ́síjìn lórí ìka. Ẹ ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ ó gbé e padà láàárọ̀. Owó rẹ̀ kéré sí ti ilé ìwòsàn, oorun yín sì ni yóò wọ̀n, kì í ṣe oorun ẹni tó wà láàárín àlejò. Àbùkù rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìgbà tí ẹ jí àti ìgbà tí ẹ sùn. Bí ẹ bá fi wákàtí mẹ́ta yí síbí yí sọ́hùn-ún láìsùn, yóò pín iye ìgbà tí èémí dá sórí gbogbo wákàtí náà, nọ́ńbà á sì kéré sí bó ṣe rí gan-an.

Ti ilé ìwòsàn ń ka ọpọlọ, ojú, ẹsẹ̀, ọkàn, gbogbo ẹ̀. Ó wọ́n, ó sì ṣòro láti sùn pẹ̀lú wáyà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kan wà tí mi ò ní gbà níyànjú pé kí wọ́n fi ti ilé mọ: ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù, ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí, ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú, ẹni tó ń lo tramadol tàbí oògùn ìrora líle mìíràn. Lára irú wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun kò dí rárá, ọpọlọ ló ń gbàgbé láti pàṣẹ pé kí a mí. Ìtọ́jú méjèèjì yàtọ̀, àṣìmú sì léwu. Ìwádìí kan wà tí wọ́n pè ní SERVE-HF, ó jáde ní 2015. Wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan tí ń jẹ́ ASV, ìbátan CPAP, tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀ tí irú èémí kejì yìí sì ń dá lára wọn. Àwọn tó lo ẹ̀rọ náà kú nípa àìsàn ọkàn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ẹ fi ASV yẹn sọ́kàn, a máa tún pàdé rẹ̀ lọ́jà tòkunbọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀rọ ìka, èyí tí gbogbo èèyàn rà nígbà kòrónà. Kí ẹ kì í bọ ìka lọ́sàn-án kó ka 98, ìyẹn kò sọ ohunkóhun nípa òru. Làálì àti ọ̀dà èékánná máa ń dà á rú. Èyí tí wọn kì í sì í sọ fún wa ni pé ẹ̀rọ náà máa ń ka ọ́síjìn àwa aláwọ̀ dúdú sókè ju bó ṣe rí lọ nígbà mìíràn. Ìwádìí láti Michigan nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ náà kò rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára aláwọ̀ dúdú sí ti òyìnbó. Bí nọ́ńbà yín bá wà lórí ààlà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìdánilójú lé yín lọ sílé.

Ní Ìbàdàn, ẹni tó ní stẹ́ǹtì ti sábà ní fáìlì lọ́dọ̀ dókítà ọkàn, bóyá ní UCH l'Ọ́rìta Mẹ́fà tàbí nílé ìwòsàn aládàáni. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó kọ lẹ́tà sí dókítà ẹ̀dọ̀fóró tàbí ti etí, imú àti ọ̀fun. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, èsì méjì tí kò mọ ara wọn ni yóò wà lọ́wọ́ yín.

CPAP: iṣẹ́ rẹ̀ dájú, iná ni wàhálà

Ọ̀gbẹ́ni Colin Sullivan ní Sydney, nílẹ̀ Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní 1980. Ẹ̀rọ kékeré kan lórí tábìlì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páìpù dé inú ìbòmú, afẹ́fẹ́ yẹn á sì ta ọ̀nà ọ̀fun ṣí. Kì í ṣe ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ yàrá yín náà ni. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àwọn ọmọ tó lówó lọ́wọ́ máa ń sáré ra ẹ̀rọ ọ́síjìn fún bàbá wọn, wọ́n á rò pé nǹkan kan náà ni. Ní 2014, wọ́n fi méjèèjì wéra lára àwọn tí ọkàn wọn wà nínú ewu: CPAP dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, ọ́síjìn nìkan kò dín in kù. Ọ̀nà tó dí, ẹ da ọ́síjìn sí i bó ṣe wù yín, ọ̀nà ṣì dí.

Nínú gbogbo ohun tí a ń fi wéra níbí, kò sí èyí tó ń dá ìdádúró èémí lẹ́kun tó CPAP. Ṣùgbọ́n ṣé ó ń gba ọkàn là? Ní 2016, ìwádìí ńlá kan, SAVE, fi èèyàn 2,717 tó ti ní àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ wò ó fún ọdún mẹ́ta ó lé. CPAP kò dín ìkọlù ọkàn tàbí ikú kù lára wọn. Ìhanrun dínkù, oorun ọ̀sán dínkù, ara yá gágá, ṣùgbọ́n ti ọkàn, rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀rọ náà ò wúlò. Ẹ wo nọ́ńbà kan: wákàtí 3.3 ni wọ́n ń lò ó lálẹ́, bí a bá pín in dọ́gba. Ìdajì òru ni wọ́n fi wà láìsí i. Ní 2023, wọ́n kó ìwádìí mẹ́ta irú rẹ̀ pọ̀, èèyàn 4,186, wọ́n ya àwọn tó lo ẹ̀rọ náà fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Ewu tiwọn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré. Òótọ́ ni pé ẹni tó lè fi sùúrù wọ ìbòmú lálaalẹ́ lè jẹ́ ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé tó sì ń rìn déédéé pẹ̀lú, nítorí náà mi ò ní fi búra. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni wákàtí mẹ́rin mi ti wá.

Ó wá di ọ̀rọ̀ iná. Band A, wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B, 16, C, 12, D, 8, E, 4. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí pé òru ni wákàtí náà máa bọ́ sí. Ẹni tó wà ní Band D tó ra CPAP láìra bátìrì, ohun ọ̀ṣọ́ orí tábìlì ló rà. Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀. Agbada omi tó ń gbóná lábẹ́ rẹ̀, èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ rin, òun ló ń jẹ iná. Bí ẹ bá pa ìgbóná yẹn, ínfátà kékeré pẹ̀lú bátìrì tó dáa lè gbé e mọ́jú, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì wà tó lè gba iná tààrà láti inú bátìrì 12 tàbí 24 fóltì. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè wáyà yẹn kí ẹ tó san owó. Ẹ̀rọ tí kò bá ní in, ẹ fi sílẹ̀ fún ará Band A.

Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀yìn fèrèsé yàrá nítorí CPAP. Èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé lóru, ẹ̀rọ yín á sì fà á sínú ìbòmú fún yín.

"Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí mo wọ̀ ọ́ ńkọ́, ṣé mi ò ní kú síbẹ̀?" Rárá. Ihò wà lára ìbòmú, èyí tó bo imú àti ẹnu pọ̀ sì ní fáàfù tó máa ṣí bí afẹ́fẹ́ bá dúró. Ẹ ó jí, ẹ ó bọ́ ọ, ẹ ó sì bú wọn bí a ṣe máa ń bú wọn.

Omi ńkọ́? Omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ jọ, distilled water, ni wọ́n ní kí a lò, àwọn kan á sì sáré lọ ra omi bátìrì lọ́dọ̀ àwọn oníbátìrì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò! Ásíìdì wà nínú òmíràn, kò sì sí ojú tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ilé oògùn ni kí ẹ ti ra tiyín, bí kò bá sí, ẹ lo ẹ̀rọ náà láìsí omi. Nígbà ọyẹ́, eruku Ìbàdàn a máa dí fílítà kíá. Ẹ yọ ọ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bó bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó bá dirun, kó gbé orí tó dì lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ìbòmú. Okùn tó bá ọ lórí ní ọjọ́ tí o tú irun kò ní bá ọ lẹ́yìn tí o bá ṣe ṣùkú.

Ike eyín: kò nílò iná, ó nílò eyín

Dókítà eyín á gba ìrísí eyín yín, òkè àti ìsàlẹ̀, á sì fi ṣe ike méjì tó so mọ́ra. Bí ẹ bá kì í bọ ẹnu lálẹ́, ó máa ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú díẹ̀, ahọ́n á tẹ̀lé e, ọ̀nà ẹ̀yìn á sì ṣí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sún un síwájú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í dá èémí tó ń dá lẹ́kun tó CPAP. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn máa ń fi í sẹ́nu mọ́jú, nígbà tí ìbòmú CPAP ti bọ́ sílẹ̀ ní aago méjì òru. Nígbà tí a bá wá fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ iye wákàtí tí wọ́n lò ó, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì á dín kù púpọ̀. Fún ẹni tí tirẹ̀ fúyẹ́ tàbí tó wà láàárín, tí iná àdúgbò rẹ̀ kò sì ṣeé gbójú lé, èmi á kọ́kọ́ wo ibí yìí.

Ibi tó ti lè yíwọ́ fún ẹni tó ní stẹ́ǹtì rèé, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fò ó. Eyín tó bá ń mì kò lè gbé ike náà. Dókítà eyín lè sọ pé kí a yọ méjì tàbí mẹ́ta kí a tó bẹ̀rẹ̀, kó sì ní kí ẹ dá clopidogrel dúró kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà púpọ̀. Ẹ má dá a dúró. Ẹ pe dókítà ọkàn yín ná, kí àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dà níbi eyín, wọ́n lè fi òwú tẹ̀ ẹ́ kó dá. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú stẹ́ǹtì, ìkọlù ọkàn ni, ó sì lè pani lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sì sí eyín kankan lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ ike yìí ti parí nìyẹn.

Èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná kí ẹ gé e jẹ, ó dín owó, àmọ́ kì í dúró sójú kan, ó sì ṣòro láti sún un síwájú bó ti yẹ. Mi ò ní fi owó mi rà á.

| | CPAP | Ike eyín |
|---|---|---|
| Tó bá le (30 sókè) | òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn | bí CPAP bá kọ̀ délẹ̀délẹ̀ nìkan |
| Iná | lálaalẹ́, tàbí bátìrì | kò kàn án |
| Owó tó ń tẹ̀lé e | ìbòmú, fílítà, bátìrì | ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ dókítà eyín |
| Ohun tó ń dani láàmú | imú gbígbẹ, ojú ìbòmú lára, ariwo díẹ̀ | àgbọ̀n ríro láàárọ̀, itọ́, eyín tó lè sún |
| Ìrìn àjò | àpò kan lọ́tọ̀ | ó wọ àpò ṣòkòtò |
| Ẹ̀rí pé ẹ lò ó | ẹ̀rọ ń ka wákàtí fúnra rẹ̀ | ọ̀rọ̀ ẹnu yín |

Fífẹ̀gbẹ́ sùn, àti ara tó fúyẹ́

Ọ̀fẹ́ ni fífẹ̀gbẹ́ sùn, nítorí náà àwọn èèyàn kì í kà á sí ìtọ́jú. Lára ọ̀pọ̀, ìgbà tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀ ni ahọ́n ń ṣubú sẹ́yìn. Ẹ wo èsì àyẹ̀wò yín: ó sábà máa ń ya nọ́ńbà ẹ̀yìn sọ́tọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ 28 lórí ẹ̀yìn tó sì jẹ́ 4 lórí ẹ̀gbẹ́, kí lẹ tún fẹ́ rà? Ẹ rán àpò kékeré sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, níbi ọ̀gangan eegun ẹ̀yìn, ẹ ki bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sí i. Ara kò ní gbà láti fẹ̀yìn lé e. Bó bá jẹ́ 40 lórí ẹ̀yìn tó sì jẹ́ 35 lórí ẹ̀gbẹ́, bọ́ọ̀lù kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ti sísanra, ìwádìí kan láti Wisconsin ní 2000 fi hàn pé ẹni tó bá dín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, iye ìgbà tí èémí rẹ̀ ń dá ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní 40 á ṣì wà ní 30, nítorí náà kò lè dúró bíi rọ́pò ẹ̀rọ fún ẹni tí tirẹ̀ ti le. Mi ò ní sọ fún ará Ìbàdàn pé kó fi àmàlà sílẹ̀, wọ́n á lé mi nílùú. Kí òkèlè dín kù, kí ewédú pọ̀, kó sì má jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ ni. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ tirzepatide fún ẹni tó sanra tí èémí rẹ̀ sì ń dá lọ́nà tó le díẹ̀ tàbí tó le gan-an, òun sì ni oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún un. Inú fíríìjì ló yẹ kó wà. Èyí tí wọ́n bá gbé lórí ọ̀kadà wá fún yín nínú ọ̀rá, ẹ dá a padà.

Ọtí alẹ́ ń mú ọ̀fun dẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn oorun. Mo mọ̀ pé Lexotan wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń dá tó sì ń lò ó láti fi sùn ń dá kún ìṣòro náà. Kó sọ fún dókítà, kó má dá a dúró lójijì. Àgbo náà, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn, nítorí òmíràn lè bá oògùn ẹ̀jẹ̀ jà.

Iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Ó wà fún ẹni tí bẹ́lúbẹ́lù ọ̀fun (tonsil) tàbí egungun imú rẹ̀ ń dí ọ̀nà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba stẹ́ǹtì, kó sún un síwájú: oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà ń dúró, ọdún kan bó bá jẹ́ pé ìkọlù ọkàn ló gbé e dé ibi stẹ́ǹtì, nítorí lílo aspirin àti clopidogrel pọ̀ kò ṣeé dá dúró ṣáájú ìgbà yẹn. Iṣẹ́ abẹ yòówù kí ẹ máa lọ ṣe, kódà ti ìpákè, ẹ sọ fún ẹni tó ń kunni lóorun pé èémí yín ń dá, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ yín dání.

Bí ẹ bá máa ra tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ wa ni owó tuntun kò ká, mi ò sì ní díbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Ní oṣù Kẹfà 2021, Philips Respironics pe ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ wọn padà, DreamStation àkọ́kọ́ wà lára wọn, nítorí fóòmù tó wà nínú wọn ń rún, a sì lè fà á símú. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè wà nínú àwọn tó ń dé sí wa ní ẹdinwó. Ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí ASV lára rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, kódà bí wọ́n bá ta á ní ìdajì owó CPAP. Ìbòmú, páìpù àti fílítà, tuntun ni kí ẹ rà. Ti ẹlòmíì kò ṣeé fà mí. Kí dókítà sì yí ìfúnpá afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí tiyín: láti 4 dé 20 ló máa ń wà, ti ẹni tó lò ó nílùú òyìnbó kì í ṣe tiyín.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tẹ ẹ̀rọ náà, yóò sọ wákàtí tí ẹ lò ó lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń wọ̀n láàárọ̀, ẹ gbé méjèèjì lọ bá dókítà ọkàn. Bí kò bá pé mẹ́rin, ẹ má fi pamọ́ fún wọn. Ìbòmú ni wọ́n sábà máa kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn rẹ̀ ìfúnpá, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa tó sọ̀rọ̀ ike eyín.